Wáìnì Morgon

Morgon jẹ́ wáìnì pupa tó ń wá láti àyíká abúlé Villié-Morgon ní Beaujolais, lápá àríwá ìlú Lyon, lórílẹ̀-èdè Faransé. Gamay ni àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é. Ojú àjàrà yìí ti rí màbo: ní 1395, Philippe le Hardi tó ń ṣàkóso Burgundy pàṣẹ pé kí wọ́n hú u dànù lórí ilẹ̀ òun. Beaujolais ló ti rí ilẹ̀ tó bá a lára mu. Ní òkè Côte du Py tó wà ní Villié-Morgon, òkúta ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní òkúta jíjẹrà. Láti 1936 ni òfin ti fi orúkọ Morgon ṣe ti agbègbè náà nìkan.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká àjàrà náà. Odindi ṣírí ni wọ́n ń dà sínú àgbá láìtẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á fọ́ nítorí ìwúwo èyí tó wà lókè, omi rẹ̀ á máa hó, gáàsì tó ń tibẹ̀ jáde á sì bo ìyókù. Inú gáàsì yìí ni àjàrà tí èèpo rẹ̀ kò tíì bẹ́ ti ń di ọtí láti inú wá. Ìdí nìyẹn tí Morgon fi ń ta sánsán bí èso tútù. Ìwúkàrà tó ń mú un hó ńkọ́? Ara èèpo àjàrà àti inú ilé ọtí ló ń gbé. Ta ló ń bu ìwúkàrà sí ẹmu kó tó hó?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn apakoríko, ìwúkàrà títà àti imí ọjọ́ gba oko àti ilé ọtí kan. Marcel Lapierre, tó gba oko ìdílé rẹ̀ ní 1973, ló yíjú padà. Jules Chauvet, oníṣòwò wáìnì tó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe wáìnì láìsí imí ọjọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí imí ọjọ́ ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: ẹni tí kò lò ó gbọ́dọ̀ ṣa gbogbo èso jíjẹrà kúrò. Àwọn aṣewáìnì mìíràn ní Morgon, Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet, bá a rìn. Lapierre kú ní 2010. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bójú tó oko náà.

Kì í ṣe gbogbo Morgon ni àwọn Faransé ń pè ní bio, ìyẹn èyí tí wọn kò fi oògùn àtọwọ́dá sí oko àjàrà rẹ̀, bio náà kò sì túmọ̀ sí pé kò sí oògùn kankan. Òfin Ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí àgbẹ̀ fi oògùn bàbà wọ́n àjàrà, tí kò bá ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7. Ṣáájú 2012, oko nìkan ni òfin náà ń wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ ilé ọtí, tó sì fi imí ọjọ́ inú wáìnì pupa tí kò ládùn sí mílígíráàmù 100 nínú lítà kan. Òfin náà ṣì gba ìwúkàrà títà láàyè. Nítorí náà, àmì bio lára ìgò ń sọ nípa oko ju bí wọ́n ṣe pọn ọtí lọ. Ibi tútù ló yẹ kí a máa tọ́jú ìgò tí kò ní imí ọjọ́ sí, nítorí ooru lè mú kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.