Ehoro Nínú Ọgbà Àwọn Aláìsàn

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1790, opó kan, Hannah Mills, kú sí ilé ìtọ́jú wèrè tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ̀, ìjọ Quaker, fẹ́ bẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kú. Àwọn alákòóso kò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí dun William Tuke, oníṣòwò tíì, wọra. Òun àti ìjọ náà kọ́ ilé tiwọn, wọ́n ṣí i ní 1796, wọ́n pè é ní Retreat, èyí ni ibi ìsádi.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de wèrè ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi Òyìnbó rẹ́rìn-ín o: àwa náà dè wọ́n, a sì nà wọ́n.

Samuel, ọmọ-ọmọ William, tẹ ìwé kan jáde nípa ilé náà ní 1813. Ó ní ehoro, adìyẹ, ẹyẹ etí òkun àti àṣá ń bẹ nínú ọgbà tí àwọn aláìsàn ti ń gba atẹ́gùn. (Àṣá àti adìyẹ lábẹ́ olówó kan! Ìyá mi kò ní gbà á gbọ́.) Ẹ̀dá wọ̀nyí mọ́ àwọn aláìsàn lára. Yàtọ̀ sí ìgbádùn, ó ní bíbá wọn rìn a máa jí inú rere àti ìfẹ́ ọmọnìkejì dìde nínú aláìsàn nígbà mìíràn.

“Nígbà mìíràn” ni ó wí. Kò pe ehoro ní oògùn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Ẹni tí gbogbo ilé ti ń sá fún rí ni ehoro wá ń sún mọ́.