Ègísémà àti àlẹ́jì ọmọdé: ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn òbí láti ṣe nílé

Ní Nukafu, ní ìlú Lomé, bí ó ti rí ní Atakpamé, ní Kambolé àti ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń yún kì í rí oorun sùn. Ọmọ á máa họ ara títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ. Àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn: "Kúrùnà ni," "Eyín ló ń hù," "Oúnjẹ tí ìyá jẹ ló fà á." Ẹnì kan á ní kí wọ́n ra pọmáàdì kan lọ́jà, ẹlòmíràn á ní àgbo ni kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Owó á tán, ara ọmọ ò ní dá.

A fẹ́ ṣàlàyé irú àìsàn tí èyí jẹ́, àti ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì, tí a ń pè ní infirmière lọ́dọ̀ wa, ń kọ́ àwọn òbí nípa rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ yìí máa ń ṣe ju ohun tí pọmáàdì tuntun ń ṣe lọ.

Kí ni ègísémà?

Nínú ìwé dókítà, ẹ lè rí i tí wọ́n kọ "dermatite atopique". Òun náà ni. Awọ ara ènìyàn dà bí ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa. Ti ọmọ tó ní ègísémà ti sán: omi inú ara ń jáde, ara ń gbẹ, eruku, ọṣẹ àti òógùn sì ń ráyè wọlé láti bí i nínú. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yún. Bí ọmọ bá ṣe ń họ ọ́ ni ó ń sán sí i, bí ó sì ṣe ń sán ni ó ń yún sí i.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn kí ó tó pé ọdún kan. Ó máa ń wà nínú ìdílé tí ikọ́ fée tàbí àlẹ́jì ti wà. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ọmọ náà mọ èyí, kí wọ́n má baà yà á sọ́tọ̀ nílé ìwé.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n á kọ ọ́ pé ara máa ń pọ́n. Lára àwa adúláwọ̀, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ohun tí ẹ ó rí ni ojú ibi tí ó dúdú ju ara yòókù lọ tàbí tí ó rí bí eérú, awọ tí ó nípọn, àti kókó wẹ́wẹ́. Ẹ wo ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn àti ọrùn ọwọ́. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ mú. Bí ó bá san tán, àpá dúdú tàbí funfun lè kù síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àpá yẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe wá ìpara tí yóò bó o.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ni ara ń yún lóru, tí ó sì wà láàárín ìka ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúrùnà. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀, gbogbo ará ilé ló sì gbọ́dọ̀ gbà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi ṣe pàtàkì?

Ègísémà kì í ṣe àìsàn tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan parí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà náà, inú ilé ni ìtọ́jú rẹ̀ wà, lójoojúmọ́. Dókítà lè kọ oògùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ta ni yóò wá fi han ìyá bí wọ́n ṣe ń fi í sára?

Ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Michael Cork àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 51 fún bí ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òbí tó rántí pé ẹnì kan ti ṣàlàyé àìsàn náà fún òun, tàbí pé ó fi bí wọ́n ṣe ń lo pọmáàdì han òun, kò tó 5 nínú 100. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ awọ ara jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé, ó sì fi ọwọ́ ṣe é lójú wọn. Ọ̀rá ara tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i ní ìlọ́po bí mẹ́jọ, ó dé giramu 426 lọ́sẹ̀. Pọmáàdì cortisone tí wọ́n ń lò lápapọ̀ kò pọ̀ sí i. Síbẹ̀, líle àìsàn náà fi 89 nínú 100 dínkù.

Ní Jámánì náà, wọ́n kó ìdílé ọmọ 992 jọ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ ní 2006 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn ọmọ tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Níbi tí kò ti sí ẹ̀kọ́, àwọn ènìyàn máa ń ṣi nǹkan ṣe lọ́nà méjì. Àwọn kan á gbọ́ orúkọ cortisone, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á jù ú nù. Àwọn mìíràn á ra èyí tó le jù lọ lọ́jà, wọ́n á máa fi pa ọmọ bí ìpara ojoojúmọ́. Èyí kejì yìí kò jìnnà sí wa. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà awọ ara ṣe ní Lomé, tí wọ́n tẹ̀ ní 1997, rí i pé nǹkan bí 59 nínú 100 obìnrin ló ń lo ìpara tí ń bó ara. Cortisone líle wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe irú ìpara bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí "clobetasol" lára túùbù kan, oògùn líle ni, kì í ṣe ohun tí à ń dédé fi sára ọmọdé. Bí ó bá pẹ́ lára, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ́ni, ní ẹsẹẹsẹ

*1. Ìwẹ̀.* Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Ẹ jẹ́ kí kànhìnkànhìn sinmi. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wẹ ọmọ. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń gba ọ̀rá inú awọ, nítorí náà ẹ lo ọṣẹ tí kò le, tí kò sì ní lọ́fínńdà. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ. Ẹ má nù ún gbọ̀ngbọ̀n.

*2. Ọ̀rá.* Òun ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi ọ̀rá pa gbogbo ara. Vaseline tí kò ní lọ́fínńdà dára. Òrí tí ó mọ́, tí wọn ò po nǹkan mọ́, dára pẹ̀lú. Àárọ̀ àti alẹ́ ni, kódà ní ọjọ́ tí ara dán. Ọmọ kan lè lo giramu 250 lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà ìka kan lásán ò tó. Ẹ fi ṣíbí tó mọ́ bù ú, kí ìdọ̀tí má baà wọ inú ike. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi kún un. Ẹ sì ṣọ́ra: aṣọ tí ọ̀rá ti mu máa ń tètè gbiná, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ àdògán tàbí àtùpà.

*3. Pọmáàdì cortisone.* Ibi tí ó ń yún, tí ó sì le, nìkan ni à ń fi í sí, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, títí ibẹ̀ yóò fi dán. Èyí tí kò le ni ti ojú. Nọ́ọ̀sì máa ń fi ìka kọ́ni ní ìwọ̀n: ẹ fún pọmáàdì láti orí ìka ìlábẹ̀ àgbàlagbà dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìyẹn jẹ́ ìdajì giramu, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Fún ọmọ oṣù 3 sí 6, ìwọ̀n ìka kan tó fún ojú àti ọrùn, kan fún apá kan, kan àti ààbọ̀ fún ẹsẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀rá.

*4. Aṣọ àti ilé.* Aṣọ òwú ni kí ọmọ wọ̀. Ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lára aṣọ dáadáa. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú. Ẹ gbé ẹní sínú oòrùn, kí ẹ sì fi omi wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, kí eruku má baà dìde.

Oúnjẹ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ègísémà ni oúnjẹ kò ṣe ní ohunkóhun. Ẹ má dédé gba ẹyin, wàrà, ẹja tàbí ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n gba gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀ lè rù, kí ara rẹ̀ má sì tíì dá. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà, kí ó jẹun dáadáa.

Ní ti ẹ̀pà, ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, lo ọmọ ọwọ́ 640 tí wọ́n ní ègísémà líle tàbí àlẹ́jì ẹyin. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní àlẹ́jì rẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ègísémà ọmọ yín bá le, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ kúnná nínú ẹ̀kọ mímu ni ọmọ ọwọ́ lè jẹ. Odindi ẹ̀pà lè há a lọ́fun.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró sílé

Bí ètè tàbí ojú ọmọ bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí ara rẹ̀ sú, tí ó ń bì, tí èémí rẹ̀ ń há tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ gidi, àlẹ́jì líle nìyẹn. Ẹ má fún un ní epo tàbí wàrà mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Togo, ẹ lè pe àwọn pompier ní 118. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni yóò gbà á.

Bí ojú egbò bá ń ṣọyún, tí èépá pupa rẹ́súrẹ́sú bò ó, tí ibà sì wà, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ìléròrò wẹ́wẹ́ bá sú pọ̀ lójú kan, tí ó ń dùn ọmọ, ẹ lọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Ta ni kí ó lọ gba ẹ̀kọ́ náà?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ. Bí ìyá ọmọ bá nìkan lọ, tí ó padà wá sọ pé kí wọ́n gbé kànhìnkànhìn jù sílẹ̀, ìjà lè dé. Ẹ mú màmá lọ́wọ́ lọ, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Bàbá tó ń fowó sílẹ̀ náà, kí ó mọ ìdí tí ike ọ̀rá fi ń tètè tán.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní dispensaire tó sún mọ́ yín. Ní Lomé, wọ́n lè darí yín láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin, tàbí sí centre de dermatologie ní Gbossimé. Ẹ kó gbogbo túùbù àti ike tí ẹ ti lò dání, títí kan ti ọjà. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá yín jà. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín pa ọmọ níwájú rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó tó. Kí ẹ sì ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: èwo ni ti àárọ̀, èwo ni ti alẹ́, èwo ni ti ojú, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá.