Kíkọ Faransé àti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú Word

Ìwé elédè méjì kì í ṣe nǹkan àjèjì lọ́dọ̀ wa mọ́. Òfin ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní statuts, ìwé ìpàdé, ètò ìsìnkú, àdéhùn ilẹ̀: Faransé wà níbẹ̀ nítorí mairie, Yorùbá wà níbẹ̀ nítorí àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Bó ṣe dára jù ni kí èdè méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Faransé lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, kí abala kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ìkejì rẹ̀. Ìyá tí kò gbọ́ Faransé á lè fi ìka tọ́ka sí abala tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó mọ Faransé kà á sì lè wo ẹ̀gbẹ́ kejì, bóyá ohun kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Nínú Word, ọ̀nà méjì ló wà láti pín ojúewé sí òpó méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Colonnes, èkejì ń jẹ́ Tableau. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ló jọ ohun tí à ń wá, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré tẹ̀. Fún ìwé elédè méjì, Tableau ni kẹ́ ẹ mú.

Colonnes: ti ìwé ìròyìn ni

Ẹ mú ìwé ìròyìn èyíkéyìí, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè òpó àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó wá gòkè lọ sórí òpó kejì, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Omi odò kan ṣoṣo ni. Bí Colonnes ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ ó rí i nínú Mise en page (àwọn Word kan ń pè é ní Disposition): ẹ tẹ Colonnes, ẹ mú Deux. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àkọlé dúró gbọọrọ lókè kó má pín, ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àkọlé nìkan ni kẹ́ ẹ yàn kẹ́ ẹ tó mú Deux. Láti fo lọ sí òpó kejì kí àkọ́kọ́ tó kún, ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Entrée pa pọ̀. Fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, tàbí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gùn lọ rẹrẹ, ó dára gan-an.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó Faransé sí òpó òsì, tẹ́ ẹ fo, tẹ́ ẹ wá kó Yorùbá sí òpó ọ̀tún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè rẹwà. Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé fi ìlà méjì kún Faransé nítorí pé mairie ní kó ṣàtúnṣe. Òpó òsì ti kún, nítorí náà ìlà méjì yẹn ṣàn lọ sí orí òpó ọ̀tún, Yorùbá sì bọ́ sí ojúewé kejì. Kò sí ohun tó sọ fún Word pé Article 7 àti Abala keje jẹ́ ìbejì.

Ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan kọ́ nìyí o. Ẹ jẹ́ ká sọ pé nínú òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, abala keje ló sọ iye owó ìtanràn, abala kẹjọ ló sọ ẹni tó lè lọ gba owó ní báńkì. Bí Yorùbá bá ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ẹni tó ń ka òpó ọ̀tún á rò pé ìtanràn ni wọ́n ń jíròrò, nígbà tí àwọn tó ń ka òsì ti ń dìbò lórí owó báńkì. Ó tẹ̀ka sí i, ó relé. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta ni á gbà pé kò mọ̀?

Àwọn kan tún máa ń fi barre d'espace ti ọ̀rọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì á fi tò. Ẹ má ṣe é rárá. Lẹ́tà lásán tẹ́ ẹ bá yí padà báyìí, gbogbo ẹ̀ ti dàrú.

Tableau: ìlà kan fún abala kan

Tableau ní òpó, ó sì tún ní ìlà tó dábùú. Ìlà yẹn ni àṣírí ẹ̀. Ibi tí òpó àti ìlà ti pàdé jẹ́ yàrá kékeré kan. Ẹ kọ Article 7 sínú yàrá òsì, ẹ kọ Abala keje sínú yàrá ọ̀tún lórí ìlà kan náà. Bí Faransé bá gùn sí i, ìlà náà á ga sí i, yàrá méjèèjì á sì jọ ga. Abala kẹjọ kò lè gòkè wá síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni á máa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Article 8.

Ẹ lọ sí Insertion, ẹ tẹ Tableau, ẹ fa souris gba àpótí méjì ní ìbú àti iye tó bá wù yín ní ìsàlẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ mọ iye ìlà ṣáájú. Bọ́tìnì Tab ló ń gbé yín láti yàrá kan sí èkejì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tó kẹ́yìn pátápátá, ìlà tuntun á yọ. Ẹ ṣọ́ra kí ìlà kan má gba abala méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú lẹ máa ń da abala mẹ́ta mọ́ra nínú yàrá kan, níbẹ̀ ni gbogbo àǹfààní tableau ti ń sọnù.

Ìlà àkọ́kọ́ fún orúkọ èdè: Français, Yorùbá. Abala tó tẹ̀ lé e lè rí báyìí: lápá òsì, « Article 4. La cotisation est payée le premier dimanche du mois. » Lápá ọ̀tún, « Abala kẹrin. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a ó máa san owó ẹgbẹ́. »

Nọ́ńbà abala, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí Word máa ka nọ́ńbà fúnra ẹ̀ ní òpó méjèèjì, ó lè ka 1 lápá òsì, kó ka 2 lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ abala kan náà ni. Tó bá ti fi nọ́ńbà tiẹ̀ síbẹ̀ láìbéèrè, Ctrl pẹ̀lú Z á mú un kúrò.

Bí ìpàdé bá pinnu pé kí abala kan gòkè ṣáájú òmíràn, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí ìlà yẹn, ẹ di Alt àti Maj mú, kẹ́ ẹ tẹ ọfà òkè. Faransé àti Yorùbá á jọ gbéra. Nọ́ńbà nìkan lẹ máa tún ṣe.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní títẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ti tẹ ìwé náà tán: ìpínrọ̀ Faransé kan, Yorùbá rẹ̀ nísàlẹ̀, Faransé míì, Yorùbá míì. Kò sídìí láti tún un tẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ìlà òfìfo, ẹ rí i dájú pé ìpínrọ̀ Faransé kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yan gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ sí Insertion, Tableau, Convertir le texte en tableau. Ẹ kọ 2 síbi iye òpó, ẹ mú paragraphes síbi ohun tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ẹ tẹ OK. Lójú ẹsẹ̀, méjìméjì ni wọ́n á tò. Bí ẹ bá rí i pé Faransé bọ́ sápá ọ̀tún níbì kan, ó ní ìpínrọ̀ kan tó ṣẹ́ kù tàbí tó lé lókè ibẹ̀. Ctrl pẹ̀lú Z, ẹ wá a rí, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Ìrísí rẹ̀

Tẹ́ ẹ kò bá fẹ́ kí ìlà dúdú tableau hàn, ẹ yan tableau náà, ẹ lọ sí Accueil, Bordures, Aucune bordure. Afficher le quadrillage, tó wà níbẹ̀ náà, á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣì máa rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, kò ní í jáde lórí bébà. Fún òfin ẹgbẹ́ àti àdéhùn, ní tèmi, ẹ fi ìlà sílẹ̀. Ó ń ran ẹni tí ojú ti ń dùn lọ́wọ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún souris lórí tableau, ẹ mú Propriétés du tableau, lẹ́yìn náà Ligne. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú Autoriser le fractionnement des lignes sur plusieurs pages, kí abala kan má bàa gé sí méjì láàárín ojúewé méjì. Tí kọ́sọ̀ bá wà lórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ fi àmì sí èyí tó kàn, kí Français àti Yorùbá lè máa hàn lókè gbogbo ojúewé.

Word á máa fa ìlà pupa sábẹ́ Yorùbá bíi pé gbogbo ẹ̀ jẹ́ àṣìṣe Faransé. Ẹ yan òpó Yorùbá nìkan, ẹ lọ sí Révision, Langue, Définir la langue de vérification, kẹ́ ẹ ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kù. Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì èdè ìbílẹ̀ tó ti wà láti 1975 ń lo ɛ, ɔ àti sh, níbi tí ti Nàìjíríà ti ń lo ẹ, ọ àti ṣ. Èyí tó bá wù yín, ẹ má pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan. Insertion, Symbole lẹ ti máa rí wọn, bọ́tìnì Touche de raccourci tó wà níbẹ̀ á sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà àbùjá. Fọ́ǹtì bíi Charis SIL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mọ bá a ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ́ àti ọ̀ láì jẹ́ kó yẹ̀.

Nítorí fọ́ǹtì yìí gan-an, tẹ́ ẹ bá ń gbé clé USB lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ má gbé fáìlì Word nìkan lọ. Fọ́ǹtì yín lè má sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, àpótí òfìfo ló sì lè jáde dípò lẹ́tà. Ẹ lọ sí Fichier, Enregistrer sous, ẹ mú PDF, ẹ ṣí i, ẹ ka òpó Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tó ń ka Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀dà.