Àbàtà, Ilé àti Òfin: Ẹ̀kọ́ Kan láti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un." Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ òwe yìí lórí, ṣùgbọ́n ìtàn Ìlú Festac àti agbègbè Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò jẹ́ kí a mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó.

Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè yìí. Kí ilé tó pọ̀ níbẹ̀, irà àti àbàtà etí ọ̀sà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Lójú ẹni tí ń wá ilẹ̀, àbàtà kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe. Bí òjò bá rọ̀, a máa fa omi mu bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ń pamọ sí.

Ní 1973 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé sílẹ̀. Ilé tí ó lé ní 5,000 ni a kọ́ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, èyí tí a ṣe láti 15 Oṣù Kìn-ín-ní sí 12 Oṣù Kejì, 1977. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, a pín ilé fún ará ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí àwọn ọdún ti tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1988, lẹ́yìn tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí a kó wá sí Kókó láti Ítálì tú, ìjọba dá àjọ ìdáàbòbò àyíká sílẹ̀. Ní 1992 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí a yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlú ti di ọmọ ọdún 15 kí òfin tó dé.

Síbẹ̀, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́lé. Lẹ́yìn òfin náà, iyanrìn ni a tún ń dà sí àbàtà tí ó kù. Ní 15 Oṣù Kẹta, 2020, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 20, ó sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Ilé-iṣẹ́ epo ti ìjọba ní ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí a tò sí tòsí ọ̀nà páìpù epo. Ohun kan dájú: páìpù, ibùdó gáàsì àti ibùgbé ènìyàn ti súnmọ́ ara wọn jù.

Nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ ń yí padà, tí òkun sì ń ga sí i, ta ni onílé inú òwe wa? Ìjọba tí ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ tí ń da iyanrìn ni, èmi àti ìwọ tí ń da pàǹtí sójú àgbàrá náà ni. Gbígbin igi díẹ̀ fún àwòrán kò tó. Onílé kì í bá omi jà. Ọ̀nà ni ó ń fi sílẹ̀ fún un. Bí ó ṣe ń kọ̀ fún àgbàrá nìyẹn.