Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Òwe tí ó sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà ń kọ́ni pé oríṣiríṣi ọgbọ́n ni a lè fi ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀: bí ọ̀nà ti wù kí ó pọ̀ tó, ọjà kan náà ni gbogbo wọn já sí. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù mu. Android àti iPhone jẹ́ ọ̀nà méjì; ó yẹ kí àwọn tí ń tọ̀ wọ́n lè pàdé.

SMS ni ọjà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé ìlànà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀lé, irú fóònù yòówù tí ẹnì kan ní, iṣẹ́ tí ó rán a dé. Ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kéré: àmì 160 péré ni ẹyọ kan ń gbà. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ bá wọ inú rẹ̀, àyè náà a dín kù sí 70, nítorí pé wọn kò ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ṣètò SMS fún níbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2011, Apple gbé iMessage jáde fún ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan. Nígbà náà, fọ́tò tí ó mọ́ kedere láti iPhone sí iPhone máa ń di bàìbàì bí ó bá ń lọ sórí Android, nítorí MMS àtijọ́, ìlànà fífi fọ́tò ránṣẹ́, ni ó ń gbé e lọ. GSMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lágbàáyé, ti ń ṣètò RCS láti rọ́pò SMS. Ní 2016, wọ́n fi ìlànà kan ṣoṣo so oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Apple gbà á wọlé pẹ̀lú iOS 18 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.

WhatsApp wà lórí fóònù méjèèjì, àmọ́ àwọn tirẹ̀ nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí òun àti Messenger ṣílẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó bá béèrè.

Pípa àṣírí mọ́ ni ó le jù nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ máa ń sọ ọ́ di àrokò tí fóònù ẹni tó rán an àti ti ẹni tó gbà á nìkan lè tú. Bí àrokò ilé-iṣẹ́ méjì bá yàtọ̀, àfi kí wọ́n tú u lójú ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni olè ti lè rí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe MLS, àrokò kan tí gbogbo wọn lè jọ lò, tí wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2023. GSMA fi í kún ìlànà RCS ní 2025, kí ọ̀rọ̀ lè gba ọ̀nà méjèèjì kọjá láìtú sójú ọjà.