Òrùlé Ẹ̀yìn-Igbá ní Ilẹ̀ Haúsá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òwe yìí yẹ àwọn mọlémọlé àtijọ́ ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn tó fi amọ̀ ṣe òrùlé ńlá tó rí rogodo bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wò ó bóyá òwe náà bá iṣẹ́ wọn mu délẹ̀délẹ̀.

Ọjà ẹran ọ̀sìn ni Kasuwar Kara ní ìlú Sókótó. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí Kárà náà ni wọ́n ń pe ọjà màlúù ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn Fúlàní darandaran tó ń da ẹran wá sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní irú ilé tiwọn. Wọn a ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ yíká, wọn a tẹ̀ wọ́n wọnú, wọn a so orí wọn pọ̀, wọn a sì fi koríko tàbí ẹní bò wọ́n. Ahéré náà kì í ní igun. Ẹ̀yìn igbá gan-an ni í jọ.

Ní ọdún 1804 ni Shehu Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jíhàádì. Ní 1809 ni Muhammad Bello ọmọ rẹ̀ tẹ Sókótó dó. Ogun yìí ló sọ àwọn Fúlàní di ọba ní àwọn ìlú olódi tí Haúsá ti ń fi amọ̀ kọ́lé tipẹ́tipẹ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé níbi tí ọgbọ́n ahéré Fúlàní ti pàdé amọ̀ Haúsá ni òrùlé ẹ̀yìn-igbá ti gbilẹ̀.

Igi ni ìṣòro àwọn mọlémọlé. Giginya, tí Yorùbá ń pè ní àgbọn olódù, ni wọ́n ń là sí ọ̀pá azara, nítorí ikán kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n azara kì í sábà gùn ju mítà 2 lọ tìtorí-tìtorí, òrùlé pẹrẹsẹ kò sì lè fi í bo gbọ̀ngàn ńlá láìjẹ́ pé òpó kún inú ilé. Mọlémọlé wá ń ri azara sínú ògiri, ó ń jẹ́ kí ti òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń fi amọ̀ rẹ́ wọn, títí apá ìhà kan yóò fi bá ti ìhà kejì pàdé lókè. Haúsá ń pè é ní bakan gizo, orúkọ tí wọ́n ń pe òṣùmàrè.

Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni Muhammadu Mikaila, tí wọ́n ń pè ní Babban Gwani. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó ti ṣiṣẹ́ fún Sultan Bello ní Sókótó kí Abdulkarim, tó jọba Zaria láàárín 1834 sí 1846, tó gbé Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ìlú náà lé e lọ́wọ́. Níbẹ̀ ló ti to òrùlé ẹ̀yìn-igbá tẹ̀lé ara wọn lórí àwọn òpó amọ̀ gìrìwò.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá amọ̀ ni òjò. Omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá ṣe, tí í jẹ́ makuba, ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́. Bí òjò bá sì ti ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un rẹ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù Ògún, ọdún 2023, apá kan mọ́ṣáláṣí Zaria wó lu àwọn tó ń kírun alásàárì, ó kéré tán ènìyàn 7 sì kú. Àwọn aláṣẹ ìlú náà sọ pé àwọn ti rí ibi tí ògiri ti sán ṣáájú.

Igbá tí onírèsé fín lè wà láyé láìsí onírèsé. Òrùlé amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ọwọ́ àwọn tó ń tún un rẹ́ ló gbé e ró. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ nípa Mikaila, kí ó má fi mọ sí orúkọ rẹ̀. Kí ó kọ́ wọn pẹ̀lú bí a ti ń la azara, bí a ti ń po makuba, àti ìgbà tó yẹ kí a gun òrùlé lọ wò ó kí òjò tó dé.