Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Yí Ìrísí Padà

Ojú kọ̀ǹpútà tó ń yí ìrísí padà ni ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà di ohun tó yọ sókè tàbí tó jin kòtò, tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Bí fóònù bá gbé òkè hàn wá, ojú nìkan ló rí i. Gíláàsì tó ń dán ni ọwọ́ bá pàdé. Láti 1965 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa yàrá kan tí kọ̀ǹpútà yóò ti máa darí ohun gidi, tó fi jẹ́ pé àga tó bá gbé jáde yóò ṣeé jókòó lé.

Ní Yunifásítì Tsukuba ní Jàpáánù, Hiroo Iwata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ojú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan, FEELEX, tí wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2001. Ọ̀pá 36 ló ń ti ojú rẹ̀ sókè láti abẹ́.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni inFORM, tí Daniel Leithinger, Sean Follmer àti Hiroshi Ishii gbé jáde ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2013. Ọ̀pá kéékèèké 900 ló wà lójú rẹ̀, 30 ní ìbú, 30 ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yọ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 10. Mọ́tò wọn tóbi ju kí wọ́n tò wọ́n mọ́ra lábẹ́ ọ̀pá lọ, nítorí náà wọ́n tò wọ́n kúrò lọ́nà díẹ̀, wọ́n sì fi okùn líle tó ń tì, tó sì ń fà, so wọ́n mọ́ ọ̀pá. Irú mọ́tò tó ń sún bọ́tìnì míksà olórin fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Kámẹ́rà tó wà lókè ń wo ọwọ́ èèyàn, ẹ̀rọ mìíràn sì ń tan àwọ̀ sórí àwọn ọ̀pá. Ẹni tó wà níbòmíràn lè na ọwọ́, kí àwọn ọ̀pá yọ bí ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yí bọ́ọ̀lù kiri lórí tábìlì.

Àmọ́ òkè àti ilẹ̀ nìkan ni ọ̀pá wọ̀nyí mọ̀: wọn kò lè fi ihò etí ife hàn, ibi tó yẹ kó dagun sì máa ń rí bí àtẹ̀gùn. Owó gọbọi ni kíkọ́ wọn ń ná èèyàn.

Lójú tèmi, àwọn afọ́jú ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tó bá Follmer ṣiṣẹ́ gbé shapeCAD jáde ní 2019, àwọn afọ́jú sì bá wọn ṣètò rẹ̀. Afọ́jú tó ń fi kóòdù ya ohun èlò lè fọwọ́ wá ojú ọ̀pá 288 kiri, kó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ́, kó tún kóòdù náà ṣe, kó sì tún fọwọ́ bà á lójú ẹsẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àfi kó tẹ ohun náà jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, tó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kó tó mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀.